Iṣẹ́ NGO: ta ló ń gbowó, ta ni ò gbowó, báwo lèèyàn sì ṣe ń dọ̀gá níbẹ̀?

Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àjọ aláàánú, ìyẹn NGO, láàárín èèyàn, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé "ṣé wọ́n ń sanwó níbẹ̀ ni?" Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ní "ṣebí àánú ni wọ́n ń ṣe, kí ló wá kàn wọ́n kan owó oṣù?" Ìbéèrè méjèèjì ò burú, àmọ́ àìmọ̀ tó wà nídìí wọn ti da iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Mo ti rí ọmọ tó ní làákàyè, tọ́kàn ẹ̀ mọ́, tó wọṣẹ́ yìí láìmọ ibi tówó ti ń wọlé àti ẹni tó ń pàṣẹ fún ta, kó tó pẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti sú u, ó ti bínú fi í sílẹ̀. Kì í ṣe pé kò kúnjú ìwọ̀n o, ẹni tó máa là á yé e ni ò rí.

Bó ṣe rí lójú tèmi rèé: àánú ló ń gbé èèyàn débẹ̀, ohun téèyàn mọ̀ ọ́n ṣe ló ń mú un dúró, àmọ́ owó tó so okùn mọ́ra ló ń darí gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti mọ bí owó yẹn ṣe ń rìn, ọ̀rọ̀ ipò àti ìgbéga àti tani-ọ̀gá-tani á bẹ̀rẹ̀ sí í yé yín. Ìdí nìyẹn tí màá fi tibi owó bẹ̀rẹ̀.

Owó tó ń wọlé fún àjọ aláàánú pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ni èyí tí ẹni tó fi sílẹ̀ ò sọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe, ó kàn ní ẹ gbà, mo fọkàn tán yín, ẹ fi ṣe ohun tó bá yẹ. Èkejì ni èyí tí wọ́n ti dárúkọ lé lórí, pé abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ni, àgbègbè báyìí ni, ọdún méjì ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa kọ rìpọ́ọ̀tì wá lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn àjọ tó ń gbowó lọ́wọ́ ìjọba tàbí lọ́wọ́ àwọn dónọ̀ ńláńlá, ìyẹn àwọn tó ń fowó sílẹ̀, èkejì yìí ló sábà máa ń pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Wọn ò lè fi ṣe nǹkan míì láìgbàṣẹ, tí wọ́n bá fi ṣe é, dónọ̀ lè ní kí wọ́n dá a padà, kódà ó lè dẹjọ́.

Inú ẹ̀ gan-an lowó oṣù òṣìṣẹ́ wà. Tẹ́ ẹ bá ṣí bọ́jẹ́ẹ̀tì próójẹ́ẹ̀tì abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: máníjà próójẹ́ẹ̀tì kan, gbogbo àsìkò ẹ̀, òṣìṣẹ́ méjì tó ń lọ sí pápá, ìyẹn ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ gan-an, dírẹ́bà kan, akáńtáǹtì kan tó jẹ́ ìdámẹ́rin àsìkò ẹ̀ ni wọ́n kọ torí ó tún ń ṣiṣẹ́ fún próójẹ́ẹ̀tì mẹ́ta míì. Lọ́jọ́ tí ọdún méjì yẹn bá pé, ìlà yẹn kúrò nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ẹni tó wà lórí ìlà yẹn náà sì lọ, ì báà jẹ́ òun ló mọṣẹ́ jù nínú gbogbo wọn. Ohun tó fà á nìyẹn tí kọ́ńtíráàtì fi máa ń jẹ́ ọdún kan ọdún kan, tẹ́ ẹ sì máa ń rí CV àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tó dà bíi pé wọn ò lè fìdí kalẹ̀ síbì kan. Àwọn kọ́ ni wọn ò fìdí kalẹ̀, owó ni.

Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní 2025 ò lè gbàgbé ẹ̀ láé. Ní January 20 ọdún yẹn, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tó fi máa di July 1, USAID, àjọ ìjọba wọn tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ yẹn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, ti kógbá sílé, ohun tó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ ẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń rí sọ́rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lọ́dọ̀ wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nọ́ọ̀sì, dírẹ́bà, akáńtáǹtì, àwọn tó ń tọ́jú oògùn, ní orílẹ̀-èdè lóríṣiríṣi, gba lẹ́tà pé kí wọ́n máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa o. Ó dùn mí gan-an, torí èèyàn tó fi ọdún gbọọrọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀mí là kì í ṣe ohun téèyàn ń rí rà lọ́jà.

Torí náà tẹ́ ẹ bá lọ fún íntáfíù, tí wọ́n bá bi yín ní tiwọn tán, ẹ fọ̀wọ̀ bi wọ́n ní tiyín: owó ta ni wọ́n fi ń san ipò yìí, ìgbà wo ló máa tán, tó bá sì tán kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sẹ́ni tó wà níbẹ̀? Ẹ má bẹ̀rù pé wọ́n á ní owó lẹ wá. Ẹni tó mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe ń lọ ló ń béèrè bẹ́ẹ̀.

Ó ku ohun kan lórí owó tó ń fa gbọ́nmi-si-omi-ò-to láàárín àjọ àtàwọn tó ń fún un lówó. Ta ló ń san owó ọ́fíìsì, iná, kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń ṣe ìṣirò, ẹni tó ń gba èèyàn síṣẹ́? Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fowó sílẹ̀ ló fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ pátá dọ́wọ́ aláìní, mo sì mọ̀ pé inú rere ló ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, àjọ tí ò ní akáńtáǹtì tó dáńgájíá, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó dọ́wọ́ aláìní? Ní 2013, GuideStar, Charity Navigator àti BBB Wise Giving Alliance, ìyẹn mẹ́ta nínú àwọn tó ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà yẹ àjọ aláàánú wò kí wọ́n tó fún un lówó, jọ kọ lẹ́tà sáwọn tó ń tọrẹ pé kí wọ́n yéé fi owó ọ́fíìsì nìkan díwọ̀n àjọ, kí wọ́n máa wo iṣẹ́ tó ṣe. Ìjọba Amẹ́ríkà náà gbé iye tí àjọ tí ò bá a ṣe àdéhùn iye pàtó lè yọ fún irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ kúrò ní 10% lọ sí 15% ní October 2024. Mi ò rò pé ó tó, àmọ́ ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó fi kan òṣìṣẹ́ ni pé tí dónọ̀ ò bá san owó yẹn, òṣìṣẹ́ ló máa fara ẹ̀ san án: ẹnì kan ṣoṣo á máa ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta, kọ̀ǹpútà tó ti gbó á máa kú lójú iṣẹ́, kò ní sí owó láti kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan tuntun, wọ́n á sì tún máa sọ fún un pé kó rántí pé torí Ọlọ́run ni.

Ó yá, iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀ gan-an? Ẹni tí gbogbo ayé ń rí nínú fọ́tò ni ẹni tó wọ ẹ̀wù tó ní àmì àjọ, tó ń pín nǹkan fáwọn ọmọdé. Ẹni yẹn wà lóòótọ́, iṣẹ́ ẹ̀ sì ṣe kókó, àmọ́ ẹ wo MSF (Médecins Sans Frontières, àjọ àwọn dókítà tí ò mọ ààlà) tó jẹ́ pé àwọn dókítà àtàwọn oníròyìn ló dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1971, tó gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 1999, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n sí ti dókítà, síbẹ̀ wọ́n ń gba akáńtáǹtì, onímọ̀ nípa omi, ẹni tó mọ ẹ̀rọ tún ṣe, ẹni tó ń bójú tó bí ẹrù ṣe ń dé. Torí dókítà tí oògùn ẹ̀ ò dé, tí fíríìjì tó ń tọ́jú àjẹsára ẹ̀ ò ṣiṣẹ́, kí ló fẹ́ ṣe?

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé kan ṣoṣo ká wò ó dáadáa. Ká ní wọ́n pín bùláńkẹ́ẹ̀tì 400 fáwọn tí àgbàrá gbé ilé wọn lọ. Ìwé orúkọ dé ọ́fíìsì, orúkọ 400 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì buwọ́ lu gbogbo ẹ̀. Lójú ẹni tí ò mọ̀, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ẹ̀ka kan wà tí wọ́n ń pè ní M&E (monitoring and evaluation), àwọn ló ń tọpa iṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ó dé ibi tó yẹ kó dé àti bóyá ó ṣe ẹni tó gbà á láǹfààní, ẹni tó wà ní ẹ̀ka yẹn á jókòó ti ìwé yìí, á wá rí i pé 12 nínú ìbuwọ́lùwé yẹn jọra, báìrò kan náà, bí wọ́n ṣe fa ìrù lẹ́tà ìkẹyìn kan náà. Ó lè jẹ́ jìbìtì. Ó sì lè jẹ́ ìyá àgbà méjìlá tí ò mọ̀wé kọ ni ọmọdé kan bá fọwọ́ sí i. Kò ní pariwo olè, kò sì ní pa á mọ́ra, ó máa mú díẹ̀ nínú orúkọ yẹn, ó máa wá wọn dé ibi tí wọ́n ń gbé, á bi wọ́n pé ṣé ẹ rí bùláńkẹ́ẹ̀tì gbà, mélòó lẹ gbà, ṣé ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín tàbí ní kẹ́ ẹ ṣe nǹkan fóun kó tó fún yín? Lọ́wọ́ kan náà, akáńtáǹtì á máa wo rìsíìtì iye tí wọ́n rà, iye tó wọ sítọ̀, iye tó jáde, bóyá gbogbo ẹ̀ bára mu. Tí odíìtọ̀ bá dé lọ́dún tó ń bọ̀, ìwé yìí lè gba àjọ yẹn sílẹ̀, ó sì lè kó o sí wàhálà. Iṣẹ́ táwọn èèyàn ń fojú kéré nìyẹn, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa kì í pẹ́ kí wọ́n tó gòkè, torí wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní pápá, wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì.

Àwọn ẹ̀ka míì náà wà: àwọn tó ń kọ̀wé tọrọ owó lọ́wọ́ dónọ̀ (tí ẹ bá mọ èyí ṣe débi pé ìwé yín ń mówó wọlé, ó ṣòro kẹ́ ẹ jókòó sílé pẹ́), àwọn tó ń wá owó lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, àwọn tó ń bá ìjọba fà á pé kí wọ́n yí òfin padà, àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, àwọn oníròyìn. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ níbòmíì, ó ṣeé ṣe kí àjọ kan máa wá irú yín. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ tún lọ kàwé tuntun.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé ò jọra rárá. Fazle Hasan Abed tó dá BRAC sílẹ̀ ní Bangladesh ní 1972, akáńtáǹtì ni, iléeṣẹ́ epo Shell ló ń bá ṣiṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ran àwọn tí ogun lé kúrò nílé, tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, lọ́wọ́, àjọ yẹn ti wá di ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù láyé. Winnie Byanyima kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfúrufú, ó ṣe òṣèlú ní Uganda, ó bá Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn ìyẹn ló di ọ̀gá Oxfam International, àjọ tó ń gbógun ti ìṣẹ́, ní 2013. Joanne Liu ní tiẹ̀, dókítà àwọn ọmọdé ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá MSF lọ sí pápá ní 1996, ní 2013 ó di ààrẹ àgbáyé fún wọn. Ẹnì kan wá látinú ìṣirò, ẹnì kan látinú òṣèlú, ẹnì kan látìsàlẹ̀ títí dókè nínú ilé kan náà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, ọ̀nà tòun ló ń sọ.

Àmọ́ tó bá jẹ́ inú ẹ̀ lẹ fẹ́ ti gòkè, ó sábà máa ń lọ báyìí: ẹ bẹ̀rẹ̀ bí olùrànlọ́wọ́ (assistant), ẹ di officer, ẹ di coordinator, lẹ́yìn náà máníjà próójẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń darí gbogbo iṣẹ́ pápá, kó tó wá kan olórí àjọ ní orílẹ̀-èdè kan. Ẹ má tẹjú mọ́ orúkọ oyè jù ṣá. Director ní àjọ kékeré lè máa bójú tó èèyàn mẹ́rin, officer ní àjọ ńlá sì lè máa di owó tó ju gbogbo bọ́jẹ́ẹ̀tì director yẹn lọ mú. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ sínú CV yín, tó sì yẹ kẹ́ ẹ béèrè nípa ipò tuntun, ni iye owó tó wà níkàáwọ́ ẹni, iye èèyàn tó ń jábọ̀ fún un, àti irú ìpinnu tó lè ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ọ̀nà náà tún máa ń yà sí méjì níbì kan, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀. Apá kan ni ti máníjà, tó ń darí èèyàn àti owó. Apá kejì ni ti ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tó mọ̀ nípa omi tàbí oúnjẹ ọmọdé tàbí ètò ẹ̀kọ́ dórí ẹ̀, tí gbogbo ẹ̀ka àjọ náà ń pè kó wá gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ó bani nínú jẹ́ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni pé ẹni tó mọṣẹ́ pápá bí ẹní mowó ni wọ́n á fà sókè kó wá jẹ́ ọ̀gá èèyàn ogún, wọn ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń báni wí, bí wọ́n ṣe ń ka bọ́jẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe ń sọ fún dónọ̀ pé kò ṣeé ṣe, nígbà tó bá fi máa pé ọdún kan wọ́n ti pàdánù òṣìṣẹ́ pápá tó dáa, wọn ò sì rí ọ̀gá tó dáa. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín lẹ fẹ́ràn, ẹ béèrè bóyá apá kejì wà ní àjọ yẹn kẹ́ ẹ tó gba ìgbéga.

Ọ̀rọ̀ fọlọ́ntíà ńkọ́? Ó dáa, ọ̀pọ̀ ló gbabẹ̀ wọlé. Àmọ́ èyí tó dáa ní iṣẹ́ pàtó, ó ní ọjọ́ tó máa parí, wọ́n ń dá owó ọkọ̀ padà fún yín, ẹnì kan sì wà tó ń kọ́ yín. Àjọ tó bá fi fọlọ́ntíà sí ipò òṣìṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ fún ọdún kan gbáko, tó ń fi ìrètí iṣẹ́ tàn án, ó ń rẹ́ ẹ jẹ ni, mi ò ní pè é lórúkọ míì. Ó tún ní aburú kejì tí wọn kì í sọ: ọmọ olówó nìkan ló lè ṣiṣẹ́ ọdún kan láìgbowó, nígbà tó bá yá ẹ ó rí i pé àwọn tó wà lókè àjọ tó ń ṣiṣẹ́ fún tálákà ò mọ ẹnì kan tó tálákà rí.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ ilẹ̀ àti àlejò. Nínú àwọn àjọ àgbáyé, àwọn ọmọ ilẹ̀ tí iṣẹ́ ti ń lọ ló pọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́, àmọ́ ó pẹ́ gan-an tó jẹ́ ẹni tó wá láti òkèèrè ni wọ́n máa ń fi ṣe ọ̀gá, owó oṣù ẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ pátápátá. Ní 2016, àwọn ìjọba tó ń fowó sílẹ̀ àtàwọn àjọ ńlá ṣàdéhùn kan tí wọ́n ń pè ní Grand Bargain, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ṣèlérí ni pé tó bá fi máa di 2020, ó kéré tán 25% owó ìrànwọ́ pàjáwìrì máa dọ́wọ́ àwọn àjọ tó jẹ́ ti ọmọ ilẹ̀ ní tààràtà bó bá ṣe lè ṣeé ṣe tó. 2020 dé, ó kọjá, wọn ò débẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò tíì kú, ó sì ti ṣí ilẹ̀kùn fáwọn ọmọ ilẹ̀ níbì kan, ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò tó dúró níwájú odíìtọ̀ ló máa kọ́kọ́ wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọ̀gá fúnra ẹ̀, torí ibẹ̀ ló rú èèyàn lójú jù. Àjọ aláàánú kì í ní olówó tó ni ín. Ẹni tó dá a sílẹ̀ kọ́ ló ni ín. Bọ́ọ̀dù ló wà lókè, àwọn trustee, òfin sì mọ̀ wọ́n sí ẹni tó máa dáhùn tí nǹkan bá bà jẹ́. Ní England àti Wales, wọn kì í sábà san owó iṣẹ́ fún trustee, owó ọkọ̀ àti irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lè dá padà fún wọn. Bọ́ọ̀dù yìí ló ń gba olórí òṣìṣẹ́ síṣẹ́, àwọn ló ń fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì, àwọn ló sì lè lé e. Olórí òṣìṣẹ́ yẹn, tí wọ́n lè pè ní CEO tàbí executive director, òṣìṣẹ́ ni òun náà, ó ń gba owó oṣù. Ní Amẹ́ríkà, àjọ tó pọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ iye tí wọ́n ń san fáwọn ọ̀gá wọn sínú fóòmù tí wọ́n ń pè ní 990, ẹnikẹ́ni sì lè kà á. Nítorí náà ẹni tó bá bi yín pé "ta ni ò gbowó, ta ló ń gbowó," ìdáhùn nìyẹn: ẹni tó ń ṣọ́ ọ lókè kì í sábà gbowó, ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́ ló ń gbowó.

Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti ń dojú rú ni ibi tí ẹni tó dá àjọ sílẹ̀ ti kó ọ̀rẹ́ àti ẹbí sínú bọ́ọ̀dù, tó wá ń ṣe ọ̀gá lórí àwọn tó yẹ kó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀. Ìtàn ti fi hàn pé àjọ lè ju ẹni tó dá a sílẹ̀ lọ. Henry Dunant rí àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ogun Solferino ní 1859, èrò ẹ̀ ló bí Red Cross, ó wà nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1863. Ní 1867 okòwò ẹ̀ wó, ó jẹ gbèsè ńlá, ó sì kúrò nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Iṣẹ́ Red Cross ò torí ìyẹn dúró. Ní 1901 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel àlàáfíà àkọ́kọ́, òun àti Frédéric Passy jọ pín in, ìyẹn lẹ́yìn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé nínú ìṣẹ́. Mo káàánú ẹ̀ gan-an bí mo bá ti rántí, mo sì tún rò pé ó dáa pé iṣẹ́ náà ò bá a wó lulẹ̀. Abed ní tiẹ̀ fẹ̀sọ̀ ṣe é: ó kúrò ní ipò olórí òṣìṣẹ́ BRAC ní 2001, ó wá jẹ́ alága títí di 2019, ó fi ìyẹn náà sílẹ̀ fún ẹlòmíì, ọdún yẹn náà ló sì kú.

Kids Company ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òdìkejì ẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1996 láti ran àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ lọ́wọ́, gbogbo èèyàn fẹ́ràn ẹ̀, ìjọba ń fún un lówó, ní August 2015 ó tì pa lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tó gba £3 mílíọ̀nù lọ́wọ́ ìjọba. Ilé ẹjọ́ wò ó wò ó, ní 2021 adájọ́ kọ̀ láti fòfin de àwọn trustee ẹ̀, kò rí wọn bí aláìbìkítà. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀ ni pé àjọ yẹn ò ní owó ìpamọ́ tó nǹkan, gbogbo ohun tó bá wọlé ló ń jáde, torí náà nígbà tí ọ̀rọ̀ burúkú dé, kò sí ohun tó máa fi mí. Ọ̀gá àjọ tó bá nífẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ débi pé ó ń ná gbogbo owó lé wọn lórí, ìfẹ́ ẹ̀ lè lé wọn padà sígboro.

Torí náà kí ni ọ̀gá ń ṣe látàárọ̀? Kì í ṣe pápá. Ó ń wá owó, ó ń ka ìṣirò, ó ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, ó ń tọ́jú òṣìṣẹ́, nígbà míì sì rèé, ó ń kọ owó tí wọ́n fẹ́ fún un, pé òun ò gbà á, èyí sì le jù. Dónọ̀ kan á dé pé òun ní owó fún ètò kọ̀ǹpútà nílé ìwé, nígbà tó jẹ́ ìlera aboyún ni àjọ náà mọ̀ ọ́n ṣe. Owó ń bẹ nílẹ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ mẹ́ta ń tán lọ. Ọ̀gá tí ò lágbára á gbà á, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó mọ ohun tí àjọ yẹn ń ṣe mọ́.

Kì í sì ṣe gbogbo àjọ ni bọ́ọ̀dù kékeré kan ti ń yan ọ̀gá o. Ààrẹ àgbáyé MSF, ìpàdé gbogbogbòò wọn ló ń dìbò yàn án, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni sáà ẹ̀. Níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ ti ń dìbò, ẹni tó fẹ́ dọ̀gá gbọ́dọ̀ ti máa sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé wọn láti ìgbà tó ti wà nísàlẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí mo máa ń gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú pé kí wọ́n tọ̀: kí wọ́n di trustee àjọ kékeré kan nígbà tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ míì. Ní England àti Wales, ọmọ ọdún 16 lè ṣe é ní irú àwọn àjọ kan, 18 ní àwọn yòókù. Ẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìṣirò ọdún, bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀gá síṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń jiyàn láìjà. Kì í ṣe oyè lásán ṣá o, ẹrù òfin wà lórí ẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí ohun tẹ́ ẹ ò kà.

Tó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ lẹ fẹ́, Kaya àti DisasterReady ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, PM4NGOs ló ni ìwé ẹ̀rí Project DPro (tí wọ́n ń pè ní PMD Pro tẹ́lẹ̀) tí ọ̀pọ̀ àjọ mọ̀ fún dídarí próójẹ́ẹ̀tì. ReliefWeb tó jẹ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń gbé ìkéde iṣẹ́ jáde lójoojúmọ́. Ẹni tó bá gbowó fóòmù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí owó físà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó ríṣẹ́ NGO, oníjìbìtì ni, ẹ má bá a fọ̀rọ̀ gùn.

Wọ́n á sì wádìí ìwà yín o, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ní 2018, ayé gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ Oxfam kan tó lọ ṣiṣẹ́ ní Haiti lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ 2010 ń fi owó ra ìbálòpọ̀ níbẹ̀, Oxfam ti ṣe ìwádìí ẹ̀ ní 2011, àwọn kan kúrò, àwọn míì nínú wọn sì tún ríṣẹ́ ní àjọ míì torí kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì. Ní 2019 ètò kan bẹ̀rẹ̀, Misconduct Disclosure Scheme, tí àjọ tó fẹ́ gbà yín á fi bi àwọn tẹ́ ẹ ti bá ṣiṣẹ́, ó kéré tán láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, bóyá ẹ ti hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn kan ń kùn pé ó ń fa iṣẹ́ gùn. Ẹ jẹ́ kó gùn. Ọmọ tí ilé ẹ̀ wó, tó ń tọ̀ yín wá fún oúnjẹ, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni.

Tó bá wá dọjọ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá ṣe ọ̀gá àjọ kan, ẹ má kọ́kọ́ béèrè owó oṣù. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìṣirò ọdún mẹ́ta tó kọjá tí odíìtọ̀ fọwọ́ sí, kẹ́ ẹ wò ó bóyá owó ìpamọ́ wọn lè gbé wọn fún oṣù mélòó tí kò bá sówó tó wọlé. Ẹ wo iye nínú owó ọwọ́ wọn tó jẹ́ èyí tí wọ́n ti dárúkọ lé lórí. Ẹ béèrè pé ta ló ń fọwọ́ sí sọ̀wédowó, ṣé ó ju ẹnì kan lọ. Ẹ béèrè ibi tí ọ̀gá tó ṣáájú yín lọ àti ìdí tó fi lọ, ẹ sì gbìyànjú kẹ́ ẹ bá òun fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ ka àkọsílẹ̀ ìpàdé bọ́ọ̀dù mẹ́ta tó kẹ́yìn, tí wọ́n bá ní bọ́ọ̀dù ò tíì pàdé láti ọdún tó kọjá, ẹ bi wọ́n pé ta ló wá fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí.